"Èmi Ló Kàn": Bí Gbólóhùn Kan Láti Abẹ́òkúta Ṣe Di Ẹ̀fẹ̀ Gbogbo Nàìjíríà

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀rọ̀ kan bọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2022. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò fọ́ mọ́ ẹni tí ó sọ ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ṣe ni ó pa, tí ó sì di àdìyẹ tí ń jẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ náà ni "èmi ló kàn". Mo fẹ́ kí á tọpasẹ̀ rẹ̀, nítorí pé gbólóhùn Yorùbá ni, àti nítorí pé ó ní ibi tí ó ti kan àwa ará Yewa gbọ̀ngbọ̀n, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi í rẹ́rìn-ín kò mọ̀.

Ìpàdé àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú APC ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ilé ìgbàlejò ààrẹ tí ó wà ní Abẹ́òkúta ni wọ́n péjọ sí. Aṣíwájú Bọ́lá Ahmed Tinúbú, tí ó ṣe gómìnà Èkó láti 1999 sí 2007, wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìbò fún òun nínú ìdìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ náà yóò fi fa olùdíje fún ipò ààrẹ kalẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré. Igbákejì Ààrẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ń du ipò kan náà. Ìbíkúnlé Amósùn, ọmọ Ẹ̀gbá, gómìnà àná, náà ń du ú. Ilé onílé ni Tinúbú wọ̀ wá bẹ̀bẹ̀ yìí. Nǹkan mìíràn sì tún wà nílẹ̀: ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, ọjọ́ méjì ṣáájú ìpàdé náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari pe àwọn gómìnà ẹgbẹ́ wọn jọ, ó ní kí wọ́n fún òun láyè láti yan ẹni tí yóò gba ipò lọ́wọ́ òun. Ẹni tí ó ti ń retí ipò láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó wá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ yóò ru.

Inú rẹ̀ sì ru lóòótọ́. Ó bọ́ sínú Yorùbá, kì í sì í ṣe Yorùbá orí pèpéle. Yorùbá inú ilé ni, ti ẹni tí ń fi ẹ̀hónú rò níwájú àwọn ẹbí rẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe pé òun dúró ti Buhari ni, kì bá tí di ààrẹ. Ó ka ìgbà mẹ́ta tí Buhari ti gbìyànjú tí kò bọ́ sí i, ìyẹn ìdìbò 2003, 2007 àti 2011, bí ó sì ti ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi "ó lulẹ̀" dè é ní ìdí. Ó ní ọkùnrin náà tilẹ̀ sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun kò du ipò mọ́, kí òun tó lọ bá a ní Kàdúná láti gbé e dìde. Ó ní láti ìgbà tí ó ti wọlé, òun kò gba ipò mínísítà, òun kò sì gba kọńtíráàtì. Ó ti lé ní ọdún 25 tí òun ti ń sìn wọ́n bọ̀. Yorùbá ló kàn. Nínú Yorùbá sì rèé, òun ló kàn.

Lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí náà ni ó ti yà sọ́dọ̀ gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn, Dàpọ̀ Abíọ́dún, tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Eléyìí" ni ó pè é. Ó béèrè bóyá ó lè di gómìnà láìsí òun. Ó rán wọn létí ọjọ́ tí wọ́n wà ní pápá ìṣeré, tí wọ́n fa gbogbo pátákó àti ìwé ìpolówó Abíọ́dún ya, tí wọn kò sì fẹ́ fa àsíá ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́.

Àwọn oníròyìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni jí gbà sílẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni bí ó ti yára tó. Ìjọba àpapọ̀ ti ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà, nítorí náà kò tí ì pé oṣù márùn-ún tí àwọn ènìyàn padà síbẹ̀. WhatsApp kò tilẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fọ́nrán náà ti wà lórí fóònù àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, àwọn ìwé ìròyìn sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí á ti dúró díẹ̀ nìyí. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní míìmù kì í ṣe odidi ọ̀rọ̀. Ègé rẹ̀ ni, èyí tí a gé kúrò lára ìyókù, tí ẹnikẹ́ni lè mú, kí ó sì fi sí ibi tí ó bá wù ú. Nínú gbogbo ohun tí Tinúbú sọ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ńlá pọ̀ níbẹ̀. Ta ni ó sọ Buhari di ààrẹ? Kí ni ó tọ́ sí ẹni tí ó ran ènìyàn dé ipò? Ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí á jókòó jiyàn lé lórí. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀fẹ̀ kò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ṣa ègé mẹ́ta péré: "èmi ló kàn", "eléyìí", "ó lulẹ̀". Ẹ wò ó, kò sí èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nínú wọn. Ọmọ tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó lulẹ̀. Ẹran kan ṣoṣo tí ó kù nínú ìṣasùn, èmi ló kàn. Ọkọ̀ tí kò ṣáná láàárọ̀, eléyìí. Bí ó bá jẹ́ pé èdè àwọn amòfin ni ó fi sọ ọ́, kò sí ẹni tí ìbá gbé e dé ìdí àwo.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ tuntun láàrin wa. Ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1950, Adégòkè Adélabù, gbajúgbajà olóṣèlú tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mọ oríkì baba rẹ̀, pe ọ̀ràn kan ní "peculiar mess". Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mú un, wọ́n fi eyín Yorùbá gé e, ó di "pẹnkẹlẹmẹ́sì". Ó mọ́ Adélabù fúnra rẹ̀ lára bí orúkọ. Nígbà tí ó yá, ó di orúkọ rògbòdìyàn òṣèlú lápapọ̀, títí tí Wọlé Ṣóyínká fi fi í sínú àkọlé ìwé tí ó kọ nípa Ìbàdàn ní 1994. Kò sí fọ́nrán kankan nínú èyí. Adélabù kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹnu ọjà àti ìdí ọtí ni ó gbé e kiri. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnu a máa yí ọ̀rọ̀ padà, ẹni tí ó bá gbọ́ "pẹnkẹlẹmẹ́sì" kò sì gbọ́ ohùn Adélabù mọ́. Fọ́nrán ní tirẹ̀ a máa tọ́jú ohùn, ojú àti ìka tí a nà. Kò sí bí olóhùn ṣe lè ní wọ́n ṣì òun gbọ́.

Nígbà tí fóònù wá di ti gbogbo ènìyàn, a rí púpọ̀. Ní 2013, ọ̀gá kan nínú àjọ ẹ̀ṣọ́ ààbò ara-ẹni làbò ìlú kò lè sọ àdírẹ́sì ìkànnì àjọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Channels, ó sì ń tọ́ka sí "my oga at the top". Láàrin ọjọ́ díẹ̀, gbólóhùn náà ti wà lára aṣọ tí wọ́n ń tà. Ní oṣù karùn-ún 2014, ìyàwó ààrẹ ìgbà náà, Patience Jonathan, sunkún níwájú kámẹ́rà lórí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jí gbé ní Chibok. "Dia ris God o" ni ó ń ké. Èyí kì í pa mí lẹ́rìn-ín tó bí ó ti ń pa àwọn ẹlòmíràn. Ọmọ 276 ni wọ́n kó lọ ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún náà. Títí di òní, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bi léèrè yóò sín igbe yẹn jẹ fún yín. Ẹ wá bi í léèrè iye ọmọ tí kò tí ì padà wálé.

Àwọn méjì wọ̀nyí, ẹ̀fẹ̀ náà ta wọ́n bí oyin. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ti Abẹ́òkúta yàtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bíi pé ọ̀nà kan náà ni yóò gbà. Alága ẹgbẹ́ APC ìgbà náà, Abdullahi Adamu, bínú, ó sì sọ̀rọ̀ ìbáwí. Tinúbú gbé ìwé jáde pé òun bọ̀wọ̀ fún Buhari púpọ̀, pé wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ òun túmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, ní pápá Eagle Square ní Àbújá, wọ́n ka ìbò: Tinúbú ní 1,271, Rotimi Amaechi ní 316, Òṣínbàjò ní 235. Amósùn ti juwọ́ sílẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí àwọn alátakò fi ń ta á ti di ohun tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń kọ sára fìlà àti aṣọ. Ó gba ẹ̀gàn lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gàn, ó fi ṣe oríkì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2023, àjọ INEC kéde rẹ̀ pẹ̀lú ìbò 8,794,726.

Èmi kò gbà pé ọgbọ́n ìpolówó nìkan ni ó ṣe é. Èdè náà ní ọwọ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á tú u wò.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀ ni "kàn". A máa ń wí pé "ó kàn mí", "ọ̀ràn náà kò kàn ọ́". Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a di ti àárín: "ó kan Adé". Bí a bá wá gbé ẹni náà síwájú láti pe àkíyèsí sí i, ohùn ìsàlẹ̀ a padà: "Adé ni ó kàn", "Adé ló kàn". Nítorí náà, nínú "èmi ló kàn", "èmi" kọ́ ni olùwà. Àbọ̀ ni, èyí tí a gbé wá síwájú. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kọ́ ni ó lọ bá nǹkan. Nǹkan náà ni ó ń rìn bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹnìkejì, tí ó wá kàn án. Àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní "it's my turn", wọ́n sì ti sọ ọ́ di ohun ìní: tèmi ni, ẹ gbé e fún mi. Abájọ tí ó fi dún bí ìwọra létí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan dé ọ̀dọ̀ wọn. (Èmi kò sọ pé kò sí ìwọra nínú rẹ̀ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé gírámà kọ́ ni ó gbé e wá.)

Níbo ni Yorùbá ti ń sọ ọ́? Ní ìdí ọpọ́n ayò, ní ìdí kànga, níwájú onígbàjámọ̀. Ilẹ̀ gbígbá náà ní ẹni tí ó kàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrù tí a óò rù. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti wúwo jù ni inú èsúsú. Níbẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ti mọ iye orí tí ó wà, wọ́n ti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó o àti ẹni tí yóò kó o kẹ́yìn. Bí ẹni tí ó ti ń dá owó láti ìbẹ̀rẹ̀ bá dìde pé "èmi ló kàn", kò ṣe àfojúdi. Ó ń ka ìwé ẹgbẹ́ sí etí wọn ni. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ Tinúbú dùn mọ́ àwọn kan, tí ó sì bí àwọn mìíràn nínú, ni pé ó sọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́sùúsú nípa ohun tí òfin orílẹ̀-èdè kò pè ní èsúsú. Ta ni ó kọ orúkọ sílẹ̀? Níwájú ta ni?

Kí n tó gbàgbé, àwọn ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ ní "Emi lokan", láìsí àmì, láìsí àlàfo. Bí ọmọ iléèwé kan bá kà á bẹ́ẹ̀, ó lè pè é ní "lọ́kàn", bí ẹni pé ọ̀rọ̀ inú ọkàn ni. Ẹ kọ "ló" sọ́tọ̀, ẹ kọ "kàn" sọ́tọ̀.

Ó ku "eléyìí", ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti wa wà. Nínú ìwà ọmọlúàbí Yorùbá, a kì í pe àgbà tàbí olóyè ní eléyìí níwájú àwùjọ. Ohun tí a lè na ìka sí ni à ń pè bẹ́ẹ̀: ìṣù kan láàrin iṣu, tàbí ọmọ kan láàrin àwọn ọmọ. Kí a pe gómìnà tí ń bẹ lórí ipò bẹ́ẹ̀, lórí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ tí ó ń ṣe àkóso, ni ó mú kí ó dùn lẹ́nu àwọn aláwàdà. Wọ́n fi sọ gómìnà náà lórúkọ, ó sì pẹ́ kí ó tó tán lẹ́nu wọn. A rẹ́rìn-ín ní Ìmàṣàyí náà. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ gbọ́ ohun tí ó tẹ̀lé "eléyìí" nínú fọ́nrán náà, èyí tí àwọn tí ó gé e gé dànù: pápá ìṣeré, ìwé ìpolówó tí wọ́n fà ya, àsíá tí wọn kò fẹ́ fà lé e lọ́wọ́. Àwọn wo ni wọ́n, kí sì ni wọ́n ń bínú sí? Ìtàn ìdìbò 2019 nìyẹn. Amósùn, gómìnà ìgbà náà, ti pinnu pé ọmọ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn ni yóò gba ipò lọ́wọ́ òun. Adékúnlé Akinlàdé, ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, ni ó fà kalẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní Àbújá fa Abíọ́dún, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ, kalẹ̀ dípò rẹ̀. Akinlàdé sì kọjá sínú ẹgbẹ́ APM. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 2019, nígbà tí Buhari wá polówó ìbò ní pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá ní Abẹ́òkúta, àwọn tí inú ń bí ju òkúta sí orí pèpéle. Èmi kò gbè sẹ́yìn òkúta jíjù. Nígbà tí wọ́n ka ìbò gómìnà, Abíọ́dún ní 241,670, Akinlàdé ní 222,153. Ìbò 19,517 ni ó là wọ́n láàrin.

Nítorí náà, nígbà tí Tinúbú ń sọ pé òun ni òun fi eléyìí jẹ gómìnà, létí ará Yewa, ohun tí ó ń sọ ni bí ipò náà ṣe tún gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé, ó sọ ọ́ ní Yorùbá tí ó já gaara, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ nítorí ẹ̀rín. Mo ti rí ègé "eléyìí" ní onírúurú ọ̀nà, pẹ̀lú orin lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ajá, pẹ̀lú ọmọ ìkókó. N kò rí ẹyọ kan tí ó fi gbólóhùn pápá ìṣeré sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa kò sì dákẹ́. Wọ́n mú ègé kejì, wọ́n yọ "èmi" kúrò, wọ́n fi orúkọ ara wọn sí i: "Yewa ló kàn". Ní ìdìbò 2023, Akinlàdé tún jáde, gẹ́gẹ́ bí igbákejì fún Ládi Adébutu ti ẹgbẹ́ PDP. Abíọ́dún ní 276,298, àwọn ní 262,383.

Bí ẹ bá gbọ́ "Yewa ló kàn" ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò, ẹ fetí sí ohùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́, ẹ óò rí i pé kì í ṣe ohùn ẹ̀fẹ̀. Mo jókòó ti bàbá àgbà kan ní Ìmàṣàyí lẹ́yìn ìdìbò náà. Bàbá na ọwọ́ òsì, ó ń ká ìka kò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọdún 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Bísí Ọnàbánjọ, Ìjẹ̀bú. Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, Ẹ̀gbá, ẹ̀ẹ̀mejì. Gbénga Daniel, Rẹ́mọ. Amósùn, Ẹ̀gbá. Abíọ́dún, Rẹ́mọ. Bàbá wo ọwọ́ náà, ó ti di ẹ̀ṣẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti kó o tán ná. Ta ló wá kàn?"